Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ pààrọ̀ àpótí ìdarí rélùwéè kékeré tó wà lókè àjà mi

Ọmọ Ìdó (Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè ni mí, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni mo gbé dàgbà, fèrè ẹ́ńjìnnì ló máa ń jí wa láàárọ̀. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń to ojú irin kékeré sókè àjà ilé wa níbí. OO ni mo ń lò, èyí tí àlàfo àárín irin rẹ̀ jẹ́ mílímítà 16.5. Bọ́ọ̀dù náà yí ògiri ká. Láti ibi tí àpótí ìdarí wà dé ìgun tó jìnnà jù, ó tó mítà méje.

Àpótí tó bá sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí mo rà wá ni mo ṣì ń lò. DCC ni lóòótọ́ (ìlànà tó ń fi àṣẹ ránṣẹ́ gba ojú irin sí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan), ṣùgbọ́n áńpíà kan péré ló lè gbé, kò sì lè ka ohun tó wà nínú dikódà. (Ẹ̀yin tí ẹ kàn ń kọjá lọ, kì í ṣe dikódà tẹlifíṣọ̀n là ń wí o. Pátákó iná bíńtín tó wà nínú ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ni, òun ló ń gbọ́ àṣẹ.) Ẹ́ńjìnnì mọ́kànlá ni mo ní, mẹ́ta nínú wọn ń dún bí ẹ́ńjìnnì gidi.

Bí mo bá ń wa ẹyọ kan, kò sí wàhálà. Bí mo bá fi ìkejì kún un, wọ́n á máa wọ́. Bí èyí tó ń dún bá ṣe ẹ̀kẹta wọn, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ lójijì, iná pupa á máa ṣẹ́jú lórí àpótí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tí ẹ́ńjìnnì èyíkéyìí bá dé ìgun abẹ́ fèrèsé, á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tí àárẹ̀ mú. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sọ lọ́jọ́ Àìkú pé, "Dádì, rélùwéè yín tún ti fẹ́ sùn."

Mo fẹ́ ra àpótí tó lágbára. Èwo ni kí n rà? Ṣé àwọn dikódà tí mo ti ní á bá a ṣiṣẹ́, àbí kí n tún wọn rà? Mo sì fẹ́ kí ọmọ mi lè wa tirẹ̀ nígbà tí èmi náà bá ń wa tèmi.

Bàbá Sígínà (Manchester)

Ọmọ mi, o káre. Má tíì ra nǹkan kan.

Iṣẹ́ sígínà ni mo fi gba owó ìfẹ̀yìntì, ohun tí mo sì mọ̀ ni pé kí èèyàn tó dá ẹ́ńjìnnì lẹ́bi, kó wo ọ̀nà tí iná ń gbà. Méjì ni ìṣòro tí o kà sílẹ̀ yẹn, kì í ṣe ọ̀kan. Kí àpótí máa já tí ẹ́ńjìnnì bá pé mẹ́ta, ìyẹn lè jẹ́ ẹ̀bi àpótí. Ṣùgbọ́n kí ẹ́ńjìnnì máa rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé nìkan, kò sí àpótí tó lè wo ìyẹn sàn. Wáyà ni. Tí o bá lọ gbé àpótí ńlá wá báyìí, ẹ̀tẹ̀ lo fi sílẹ̀ tí o ń pa làpálàpá.

Ṣe ìdánwò méjì yìí fún mi lónìí. Àkọ́kọ́, mú owó ẹyọ 2p, lọ sí ìgun abẹ́ fèrèsé, tẹ́ ẹ lé irin méjèèjì lórí. Àpótí gbọ́dọ̀ já lójú ẹsẹ̀. Tí kò bá já, tètè yọ owó náà kúrò, kí o sì fọwọ́ kan àwọn ìdè irin tó wà láàárín ibẹ̀ àti àpótí, wò ó bóyá ọ̀kan ń gbóná. Èkejì, wá gílóòbù iná ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, ti fólítì 12, wáàtì 5. Jó wáyà méjì mọ́ ọn. Gbé e lé irin lẹ́bàá àpótí, fi mítà wọn fólítì níbẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbé gílóòbù yẹn kan náà lọ sábẹ́ fèrèsé, tún wọ̀n ọ́n. Mítà olówó pọ́ọ́kú kì í ka iná DCC dáadáa, nítorí pé iná náà ń yí padà kíákíá ju ti ilé lọ. Má ka iye tó sọ sí òótọ́ pátápátá. Ìyàtọ̀ ibi méjèèjì lo ń wá.

Gílóòbù yẹn ṣe pàtàkì. Tí o bá wọn irin lásán láìsí ohun tó ń jẹ iná lórí rẹ̀, gbogbo ibi ni mítà á sọ pé ó dára, á sì tàn ọ́ jẹ.

Ará Houston

Bàbá ti sọ òkodoro. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ìdó, bí ẹ bá ti ń ṣe ìdánwò yẹn lọ, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti dikódà, kí ọkàn yín lè balẹ̀: ẹ kò ní tún nǹkan kan rà.

Ilé iṣẹ́ Lenz ní Giessen, ní Jámánì, ló ṣe ìpìlẹ̀ DCC. Láàárín àwọn ọdún 1990, NMRA, ẹgbẹ́ àwọn oní-rélùwéè kékeré níbí ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ di ìlànà fún gbogbo ayé. Láti ìgbà náà, ẹni yòówù kó ṣe dikódà, á gbọ́ èdè àpótí ẹlòmíràn. Mo ní dikódà kan tí mo rà ní ọdún 2003, mo ti pààrọ̀ àpótí lẹ́ẹ̀mẹta látìgbà náà, ó ṣì ń gbọ́ràn. Ti ayé àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní Zero 1 tí Hornby gbé jáde ní nǹkan bí ọdún 1979 mọ ohun tí mò ń sọ: ẹ́ńjìnnì 16 péré ló mọ̀, dikódà rẹ̀ kò sì bá nǹkan mìíràn ṣe.

Ohun tí kò bára mu ni okùn tó so rìmóòtù mọ́ àpótí. Lenz àti Roco ń lo XpressNet, Digitrax ń lo LocoNet, NCE ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ Cab Bus. Rìmóòtù ilé iṣẹ́ kan kì í sábà wọ àpótí ilé iṣẹ́ kejì. Nítorí náà, rìmóòtù ni kí ẹ fi yan àpótí. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tàbí ẹgbẹ́ tó wà nítòsí yín, ẹ di ìkọ̀ọ̀kan mú, ẹ fún ọmọ yín náà kó dì í mú. Ọwọ́ rẹ̀ kéré.

NCE Power Cab lèmi ń lò. Inú rìmóòtù fúnra rẹ̀ ni àpótí ìdarí wà, ó ń gbé nǹkan bí áńpíà méjì, ó ń ka CV (àwọn nọ́ńbà ìtò tó wà nínú dikódà), ó sì rọrùn. Àléébù rẹ̀ ni pé tí ẹ bá fà á yọ, gbogbo bọ́ọ̀dù á kú. Nígbà tí tèmi di ńlá, mo ra búsítà SB5 (àpótí tó ń fi agbára kún iná) kún un, ó di áńpíà márùn-ún.

Ọmọ Ìdó

Bàbá, mo ti ṣe é, ẹnu sì yà mí.

Lẹ́bàá àpótí, mítà ka 14.9. Lábẹ́ fèrèsé, ó ka 9.2, gílóòbù náà sì pọ́n bí ẹyin iná tó ń kú lọ. Mo tẹ́ 2p lé irin níbẹ̀, àpótí kò já rárá. Mo yára yọ ọ́, mo ń fi ìka tọ ìdè irin lọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe wí. Ẹ̀karùn-ún láti fèrèsé, ibi tí mo ti kun ẹ̀gbẹ́ irin ní àwọ̀ ìpata lọ́dún tó kọjá kó lè jọ irin gidi, ó gbóná débi pé mo fa ọwọ́ yọ. Mo fi pílásì ṣí i: ọ̀dà ti ṣàn wọ inú ìdè náà, irin méjèèjì kò kan ara wọn ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ojú kan ṣoṣo ni iná ti ń wọ gbogbo bọ́ọ̀dù mi. Gíríìpù tó bá sẹ́ẹ̀tì wá ni, wáyà méjì, ó tán. Láti ibẹ̀, inú ìdè irin ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá.

Bàbá Sígínà

Kò sí ìbínú níbẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdè irin wà láti mú kí irin gún régé, kò wà fún gbígbé iná. Báyìí ni kí o ṣe. Na wáyà ńlá méjì sábẹ́ bọ́ọ̀dù, pupa àti dúdú, kí wọ́n tẹ̀ lé ojú irin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wáyà 2.5 (mílímítà onígun mẹ́rin), irú èyí tí àwọn oníná ilé ń lò fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, ni kí o lò. Lẹ́yìn náà, irin kọ̀ọ̀kan, mo ní kọ̀ọ̀kan o, kó ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tirẹ̀ tó máa sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wáyà ńlá. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kò gbọdọ̀ gùn ju nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà.

Jẹ́ kí n bá ọ ṣírò rẹ̀, kí o má bàa rò pé mo kàn ń lé ọ sí ọjà wáyà. Mítà méje lọ, mítà méje bọ̀, mítà 14 ni iná máa rìn. Tí o bá fi wáyà 7/0.2 (okùn bíńtín méje, ìkọ̀ọ̀kan mílímítà 0.2) tí wọ́n ń tà fún wa ní ṣọ́ọ̀bù rélùwéè ṣe é, tí o sì ń fa áńpíà mẹ́ta, fólítì mẹ́ta ààbọ̀ ó lé ni yóò ṣègbé sínú wáyà kó tó dé abẹ́ fèrèsé. Wáyà 2.5 á gbé áńpíà mẹ́ta yẹn kan náà, ohun tó máa jẹ kò ju ìdá mẹ́ta fólítì kan lọ. Wáyà kan náà ni ní ojú ẹni tí kò mọ̀.

Ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà mí nípa àpótí ńlá lórí irin tí wáyà rẹ̀ kò dára nìyí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá yẹ̀ kúrò lójú irin, tí irin méjì sì bíríìjì, àpótí gbọ́dọ̀ mọ̀ kíákíá kó lè já. Tí ìdè tó ti dípẹtà bá wà láàárín, kò ní rí i bíi bíríìjì, á rí i bí ẹni tó ń jẹun. Á máa bọ́ ọ lọ ni. Lọ́wọ́ àpótí áńpíà kan, ìdè gbóná. Lọ́wọ́ àpótí áńpíà márùn-ún, mo ti rí ike abẹ́ ọkọ̀ tó yọ́ lẹ̀ mọ́ irin. Tí o bá ti so àpótí tuntun, tún owó ẹyọ yẹn tẹ́ káàkiri, ní gbogbo mítà kan kan. Kó já níbi gbogbo.

Nípa bó o ṣe máa jó o: fi ọ̀bẹ ha ẹ̀gbẹ́ ìta irin títí yóò fi dán, fi fọ́lọ́ọ̀sì (oògùn tó ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì mú) díẹ̀ sí i, kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì kun irin, kí o kun orí wáyà, kí o wá kan wọ́n pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Tí o bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ike tó di irin mú á rọ̀, irin á sún mọ́ ara wọn, ẹ́ńjìnnì á sì máa ṣubú níbẹ̀ títí ayé.

Ìyá Àrẹ̀mọ (Leeds)

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Mo gbà pẹ̀lú Bàbá lórí wáyà, mi ò ní fi kún un. Ti àpótí ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ilé ló lówó àpótí ńlá.

Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń lo DCC-EX, àpótí ìdarí tí èèyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ tò. Ọ̀fẹ́ ni sọ́fítíwìà rẹ̀. Ohun tí ẹ máa rà kò ju Arduino Mega (pátákó kọ̀ǹpútà kékeré kan), pátákó mọ́tò tó máa jókòó lé e lórí, àti pátákó Wi-Fi kékeré kan, pẹ̀lú páwà fólítì 14 tàbí 15. Ojú iná méjì ló ní: ọ̀kan fún bọ́ọ̀dù, èkejì fún ojú irin kékeré tí a ti ń to dikódà. Mo fi JMRI, sọ́fítíwìà ìdarí rélùwéè kékeré tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, sórí Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà bíńtín kan. Àwọn fóònù Android tí a ti pa tì sínú dúrọ́ọ̀ nílé wa ló di rìmóòtù, áàpù Engine Driver ni mo fi sí wọn. Àwọn ọmọ mi mẹ́ta ń wa ẹ́ńjìnnì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ fetí sí ibi kan tó ti ba ti ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ lo pátákó mọ́tò Arduino R3, ẹ yí i padà kẹ́ ẹ tó gbé e lé Mega. Lẹ́yìn rẹ̀, ilà kan wà níbi tí wọ́n kọ "Vin Connect" sí. Ẹ fi ọ̀bẹ tó mú gé ilà náà, kí ẹ sì fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò pé ó gé lóòótọ́. Bí ẹ kò bá gé e, fólítì 14 tó yẹ kó lọ sí ojú irin á tún gba abẹ́ wọ inú Mega. Ó lè ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ ó gbóòórùn.

Pátákó yẹn kì í ju áńpíà méjì lọ lójú kan, kódà ó máa ń gbóná kó tó débẹ̀. Fún ẹ́ńjìnnì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó tó.

Ará Houston

Ẹ ṣeun mà. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti yàtọ̀ sí yín ni ti fóònù. Ojú fóònù dán, ọwọ́ kò mọ ibi tí òun wà lórí rẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń lọ ṣubú, ojú yín gbọ́dọ̀ kúrò lára rẹ̀ kí ẹ tó rí ibi tí ẹ ó tẹ̀. Rìmóòtù tí à ń fi àtàǹpàkò yí, bíi ti rédíò àtijọ́, ojú yín á wà lára ẹ́ńjìnnì nígbà gbogbo.

Ìyá Àrẹ̀mọ

Òótọ́ ni fún yíyí ọkọ̀ káàkiri inú yáàdì, mo gbà. Fún ẹ́ńjìnnì tó kàn ń yí ká, fóònù kò ní wàhálà kankan. Àbíkẹ́yìn mi kò tíì bì í ṣubú rí. Tí wọ́n bá fi bọ́tìnì ìró ohùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù ṣe ìdarí eré, ojú kò nílò kó kúrò lára ẹ́ńjìnnì mọ́. Engine Driver gba ìyẹn láyè.

Ará Bódìjà (Ìbàdàn)

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí ojú èmi ti rí kún un.

Níbí, iná máa ń lọ láàárín eré. Ní ọjọ́ kan, ẹ́ńjìnnì méjì dúró lójú irin, iná lọ, iná tún dé. Kí n tó na ọwọ́ sí rìmóòtù, ọ̀kan ti gbéra, ó ń sá eré àsápajúdé, kò gbọ́ àṣẹ kankan. Etí bọ́ọ̀dù ló ti já sí ilẹ̀. Mo rò pé dikódà rẹ̀ ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ dikódà ni wọ́n ti tò láti ilé iṣẹ́ pé tí àwọn kò bá rí àmì DCC lójú irin, kí wọ́n rò pé ìlànà àtijọ́ (iná DC lásán) ni, kí wọ́n sì máa lọ. Nígbà tí iná ń dé, kí àpótí tó jí, ohun tó rò nìyẹn.

CV29 lẹ máa fi tọ́jú rẹ̀. Àròpọ̀ ni nọ́ńbà inú rẹ̀: 2 dúró fún ìdíwọ̀n eré 28 tàbí 128, 4 ni àyè láti rìn lórí iná àtijọ́, 32 ni nọ́ńbà gígùn. 6 ni ọ̀pọ̀ máa ń bá wá, ìyẹn 2 àti 4. Ẹ yọ 4 kúrò: ẹ tẹ 2 sí i. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń jẹ́ nọ́ńbà gígùn bíi 1955, 34 ni kí ẹ tẹ̀. Látìgbà tí mo ti ṣe é fún gbogbo wọn, iná lọ, iná dé, kò sí èyí tó mi. Bí iná Lọ́ńdọ̀nù kò bá tilẹ̀ ń lọ, àpótí yín ń já nígbà gbogbo báyìí, ìyẹn náà jẹ́ iná lọ iná dé lójú dikódà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ gbà mí láyè nítorí pé ọmọ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta lẹ pe ara yín. Rélùwéè àtijọ́ tó gba Ìdó wá sí Ìbàdàn, mílímítà 1067 ni àlàfo irin rẹ̀. Tí ẹ bá pín in sí ìdá 64, ó sún mọ́ 16.5 gan-an. Ti tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 jẹ́ 1435, ẹ pín ìyẹn sí 87, 16.5 náà ni. Irin tó wà lókè àjà yín lè gbé méjèèjì. Ti àtijọ́ ni mò ń fi páálí àti igi kan lọ́wọ́lọ́wọ́, àwọn kóòṣì ìgbà tí bàbá mi ń wọ̀ ọ́ lọ sí Ọ̀ffà.

Ọmọ Ìdó

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà, ẹ ti jẹ́ kí oorun dá lójú mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi fọ́tò kóòṣì yẹn ránṣẹ́ tó bá parí.

Oníwáyà Mẹ́jọ (Birmingham)

Mo pẹ́ dé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi dikódà sínú ẹ́ńjìnnì fún àwọn èèyàn, ẹ jẹ́ kí n mú ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi yín.

Gíríìpù tó ń gbé iná wọ ojú irin yín yẹn, ṣé ti sẹ́ẹ̀tì DCC ni, àbí ẹ rà á ní àlòkù láti ara sẹ́ẹ̀tì àtijọ́? Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀. Tí ẹ bá rí nǹkan bíńtín kan tó rí pẹlẹbẹ bí ẹ̀gúsí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì so irin kan mọ́ èkejì, kapásítọ̀ ni. Wọ́n fi síbẹ̀ láyé àtijọ́ kí mọ́tò má bàa da tẹlifíṣọ̀n rú. Ọ̀tá DCC ni. Iná DCC ń yí láti apá kan sí èkejì láìsinmi, gígùn ìyípadà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ: apá tó gba ìdá 58 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá jẹ́ 1, èyí tó bá tó 100 jẹ́ 0. Kapásítọ̀ ń gé igun rẹ̀, ó ń sọ ọ́ di rọ̀bọ̀tọ̀, dikódà kò ní mọ èyí tó jẹ́ 1 mọ́. Ẹ gé e sọnù.

Kí ẹ tó so àpótí tuntun, ẹ yọ ti àtijọ́ kúrò lójú irin pátápátá. Kì í ṣe kí ẹ pa á o, kí ẹ yọ wáyà rẹ̀. Àpótí méjì kò gbọdọ̀ wà lórí irin kan náà, àgàgà tí ọ̀kan bá jẹ́ ti iná àtijọ́. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tó bá kọjá láàárín wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á so wọ́n pọ̀, ọ̀kan á sì jóná.

Ẹ kọ nọ́ńbà gbogbo ẹ́ńjìnnì sínú ìwé báyìí tí ẹ ṣì ní èyí tó ń gbọ́ wọn. Tí àpótí tuntun tó lè ka CV bá dé, ẹ kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú JMRI, kó wà ní ìpamọ́. Orí ojú irin tí a yà sọ́tọ̀ la ti ń kà á, nítorí pé dikódà kò ní ẹnu láti fi dáhùn: mọ́tò rẹ̀ ló máa tẹ̀ díẹ̀, á fa nǹkan bí mílíáńpíà 60 fún ìwọ̀n 6 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, àpótí á sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ló sọ. Ẹ ó rí i tí ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n jẹ́jẹ́ bí ẹni tí òtútù mú. Ẹ má fòyà.

Ṣé gbogbo mọ́kànlá ló ti ní dikódà?

Ọmọ Ìdó

Mẹ́wàá. Ìkọkànlá jẹ́ àlòkù, kò ní ihò tí dikódà ń wọ̀.

Oníwáyà Mẹ́jọ

Ẹ má gbé e lé irin DCC rárá títí ẹ ó fi ṣe é. Wáyà dikódà ní àwọ̀ tí gbogbo ayé fi ń mọ̀ ọ́n: pupa lọ sí irin ọ̀tún, dúdú sí irin òsì, aláwọ̀ ọsàn àti aláwọ̀ eérú sí mọ́tò. Búlúù ni ti iná tí gbogbo gílóòbù ń pín lò, funfun fún iná iwájú, yẹ́lò fún ti ẹ̀yìn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́, apá kan mọ́tò máa ń kan irin ara ẹ́ńjìnnì. Kí ẹ tó jó ohunkóhun, ẹ fi mítà kan ẹsẹ̀ mọ́tò méjèèjì pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì méjèèjì. Kó má ṣe ké níbì kankan. Tó bá ké, ẹ fi téèpù tàbí ike yà wọ́n. Mo ti pa dikódà méjì nípa pé mo kánjú níbi ìdánwò yìí, ìṣẹ́jú méjì péré ni ìbá gbà mí.

Ọmọ Ìdó (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé.

Mo na wáyà 2.5 pupa àti dúdú. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé mẹ́ta ni mo fi dùbúlẹ̀ sábẹ́ bọ́ọ̀dù. Irin 38 ni mo jó wáyà sí, méjì péré ni ike rẹ̀ rọ̀ kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń tètè gbé áyọ̀nù kúrò. Gíríìpù yẹn, kapásítọ̀ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, mo ti gé e.

Àpótí kékeré àtijọ́ náà ni mo kọ́kọ́ so padà, torí mo fẹ́ mọ ohun tí wáyà nìkan ṣe. Lábẹ́ fèrèsé, gílóòbù kan náà, mítà kan náà: 14.8. Ẹ́ńjìnnì méjì ń sáré kọjá níbẹ̀ láìsí àárẹ̀. Tí èyí tó ń dún bá ṣe ẹ̀kẹta, ó ṣì ń já, áńpíà kan kò kúkú ju áńpíà kan lọ. Bàbá, méjì ni ìṣòro náà bí ẹ ṣe wí.

Mo wá ra Z21 dúdú ti Roco, tó ń gbé áńpíà mẹ́ta, pẹ̀lú rìmóòtù multiMAUS kan. Ará Houston, a jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ọmọ mi di mẹ́rin mú, èyí tí bọ́tìnì yíyí rẹ̀ pupa ló kọ̀ láti gbé sílẹ̀. Ìyá Àrẹ̀mọ, èmi ni mo ń lo fóònù, mo sì ń fi bọ́tìnì ohùn wa tèmi. Mo ti tẹ́ 2p káàkiri ní gbogbo mítà kan kan. Ó já níbi gbogbo àfi ibì kan, lórí oríta irin tó wọ yáàdì.

Bàbá Sígínà

O káre, ọmọ mi. Tí ó bá jẹ́ oríta nìkan ni kò ti já, iná kò dé ìkángun rẹ̀ àfi nípa ahọ́n irin tó ń sún lọ sún bọ̀. Ibi tí ahọ́n yẹn ti ń kan irin máa ń dọ̀tí. Jó wáyà tirẹ̀ sí irin tó kọjá oríta náà, kí o má sì gbára lé ahọ́n. Tí ó bá jẹ́ irú tí àárín rẹ̀ jẹ́ irin, kọ́kọ́ gé àlàfo sáàárín wọn kí o má bàa bíríìjì ara rẹ. Nínú áàpù, wo fólítì tó ń lọ sójú irin, kí o gbé e sí 15. OO kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìdó

Mo ti ṣe méjèèjì, ó ti ń já níbẹ̀ náà. Ó ku ẹyọ kan: èyí tó ń dún nínú àwọn tí mo rà ní àlòkù, gbogbo ìgbà tí mo bá ní kó ka CV, ó ń sọ pé kò sí ìdáhùn. Àwọn mẹ́sàn-án yòókù ti wọ JMRI.

Oníwáyà Mẹ́jọ

Ẹ fi òwú àti ọtí isopropyl nu ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo ẹsẹ̀, títí òwú kò fi ní dúdú mọ́. Ẹ fi ọwọ́ tẹ orí ẹ́ńjìnnì náà mọ́lẹ̀ díẹ̀ bí ẹ bá ń kà á. Ẹ ka CV8 nìkan lákọ̀ọ́kọ́, òun ló ń sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Ọmọ Ìdó

Òwú mẹ́fà ni mo lò. Ó ti gbọ̀n, ó ti dáhùn: 151.

Oníwáyà Mẹ́jọ

ESU nìyẹn. Ẹ tẹ 8 sínú CV8 yẹn kan náà, ẹ gbé ẹ́ńjìnnì kúrò lórí irin, ẹ gbé e padà. Á dà bí ọjọ́ tó kúrò ní ilé iṣẹ́, nọ́ńbà 3 ló máa jẹ́. Ẹ fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹ má gbàgbé CV29.